Kí nìdí tí a fi ń kágò ká tó ya fọ́tò kúìlìtì?

Ẹnì kan béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ wo ìpàtẹ kúìlìtì fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ya fọ́tò láìgbàyè. Gbangba ni wọ́n kúkú gbé e kọ́ sí, mo sì máa sanwó ìwọlé. Kí ni ìtumọ̀ àṣà yìí?"

Owó tí ẹ máa san lẹ́nu ọ̀nà, owó ìran wíwò ni. Kúìlìtì, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń fi awẹ́ aṣọ oríṣiríṣi tò pọ̀, kì í di ti aráyé nítorí pé wọ́n gbé e kọ́. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: aṣọ tí ọwọ́ lè gbé, àti ọnà tí ojú ń rí. Ẹ lè ra aṣọ náà lónìí kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ọnà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tó ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìpàtẹ ńlá bíi ti Houston àti ti Paducah wà, òfin fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọnà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún fi 70 ọdún kún un lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ bá yà, ẹ̀dà ọnà ọ̀hún ni. Ohun tó fà á tí a fi ń kágò nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọnà kúìlìtì ti wà láyé ọjọ́un, pé kò sí ẹni tó lè ní òun ló ni ín. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn bátànì àtijọ́ bíi Log Cabin kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ tí Boisson, obìnrin kan tó ń ṣe ọnà kúìlìtì, pe ilé iṣẹ́ Banian lórí kúìlìtì tí wọ́n to lẹ́tà alífábẹ́ẹ̀tì sí. Ilé ẹjọ́ gbà pé gbogbo ayé ló ni lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà ṣe to tirẹ̀ àti bó ṣe yan àwọ̀ wọn, iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni, wọ́n sì dá a láre lórí díẹ̀ lára àwọn kúìlìtì tó pe ẹjọ́ lé lórí.

Ní ọ̀pọ̀ ìpàtẹ, wọ́n á jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò tí ẹ máa tọ́jú fún ara yín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ kúìlìtì kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó ni ín lè ní kí wọ́n má ya tòun. Àyè tí wọ́n fún yín láti yà á yàtọ̀ sí àyè láti gbé e sórí Facebook, ó sì jìnnà pátápátá sí àyè láti tẹ̀ ẹ́ sára káàdì tàbí àpò kí ẹ máa tà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń tọrọ wọn.

Bí wọ́n bá gbà kí ẹ gbé e síta, ẹ dárúkọ. Ibi tó dùn mí jù nìyí, nítorí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lára kúìlìtì kan lè tó mẹ́ta: ẹni tó ya bátànì, ẹni tó to awẹ́ aṣọ pọ̀, àti ẹni tó fi ẹ̀rọ ńlá rán àwọn ìpele náà papọ̀. Ẹni ìkẹta yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló fún aṣọ náà ní gbogbo òkè àti kòtò tí ẹ ń rí lára rẹ̀. Èmi a máa ya káàdì orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúìlìtì kí n tó ya kúìlìtì fúnra rẹ̀. Bí mo bá délé, orúkọ àti iṣẹ́ ò ní yà síra.

Ẹ pa fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ a máa pa aró, àwọ̀ tó bá sì ti ṣí kì í padà mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fíláàṣì kì í jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n rán hàn: ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi òjìji rẹ̀ hàn. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, torí ọ̀rá ara wa máa ń wọ inú aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá àwọn tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé etí aṣọ sókè fún yín, inú wọn sì máa ń dùn sí i.

Ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta bátànì, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kúìlìtì tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Ẹni tó bá yà á láìsọ̀rọ̀ kó lè lọ ṣe irú rẹ̀ nílé ti gbé ọjà láìsanwó.

Kúìlìtì ìrántí ní tirẹ̀ tún gba ìfarabalẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ AIDS Memorial Quilt, kúìlìtì ìrántí àwọn tí àrùn AIDS pa, ní Washington ní October 11, 1987, awẹ́ 1,920 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́fà ní gígùn, bí ojú oórì. Ní irú ibẹ̀, ẹ lè rí ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀ títí yóò fi dìde.

Bí oníṣẹ́ bá wà nítòsí, ẹ kí i, ẹ yin iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi í pé: "Ṣé mo lè ya fọ́tò rẹ̀? Ṣé mo lè fi han àwọn ẹlòmíràn?" Bó bá ní rárá, ẹ má bi í ní ìdí. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ gbé e lọ síbi ìdíje tí kì í gba iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó rán an fún kò tíì rí i.