Èsì: Bitwarden tàbí KeePassXC, èwo ni kí n mú?

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè èwo nínú áàpù méjì yìí, tí wọ́n ń bá èèyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, ni kí ẹ mú. Bí ẹ ṣe ní fóònù àti kọ̀ǹpútà lẹ jọ ń lò, tí pásíwọ́ọ̀dù yín sì wà nínú Chrome, Bitwarden ni kí ẹ mú. Ti ọ̀fẹ́ tó yín lò, iye ẹ̀rọ tó bá wù yín lẹ sì lè fi sí. KeePassXC dáa gan-an, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa gbé fáìlì tó ń kó pásíwọ́ọ̀dù sí láti ẹ̀rọ kan dé èkejì.

1. Ẹ fi ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan ṣe pásíwọ́ọ̀dù àgbà, ìyẹn èyí tí ẹ ó máa fi ṣí Bitwarden. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí: tẹ́ ẹ bá gbàgbé rẹ̀, iléeṣẹ́ náà ò lè bá yín ṣí i, torí kò sí lọ́wọ́ wọn.

2. Ẹ kó àwọn pásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú Chrome jáde sínú fáìlì kan (CSV ni wọ́n ń pe irú rẹ̀), kí ẹ kó o wọ Bitwarden.

3. Ẹ pa fáìlì CSV yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣí i wò ná: gbogbo pásíwọ́ọ̀dù yín ló wà níbẹ̀ gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwọn pásíwọ́ọ̀dù yín, ti ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lè fi ímeèlì náà yí pásíwọ́ọ̀dù àwọn àkáǹtì yín yòókù padà, kó sì gbà wọ́n.