Ẹ̀rọ tó ka ọjọ́ ọjà sí gbèsè

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìlọrin gbé iṣẹ́ fún ọ pé kí o kọ́ ẹ̀rọ, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa sọ ẹni tí wọ́n lè yá lówó. O ti yọ kọ́lọ́ọ̀mù akọ-n-bábo àti ti ẹ̀yà kúrò nínú dátà, o wá ń bèèrè bóyá ojúsàájú ti tán níbẹ̀. Kò tíì tán. Ojú mi ti rí i.

Mo ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí fún iléeṣẹ́ ayánilówó kan tí n kò ní dárúkọ. Ìlọrin la wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ń tajà lápá gúúsù Kwara: Ọ̀fà, Ọ̀mù-Àrán, Ìgbájà àti àwọn ìlú kéékèèké àárín wọn. Èmi náà yọ akọ-n-bábo, mo yọ orúkọ, mo yọ ìlú. Mo tilẹ̀ ń fọ́nnu. Ọjọ́ tí mo lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá, aṣọ tuntun ni mo wọ̀.

Oṣù kejì tí a ń lò ó ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wọlé sí ọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ti yáwó lọ́wọ́ wa, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló san án tán, kọ́bọ̀ kò kù. Ẹ̀rọ ní ká má yá a mọ́. Ìyá náà kò pariwo. Ó jókòó, ó tọwọ́ bọ báàgì, ó yọ káàdì tí a fi ń kọ owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ síta, ó ní, "Ọmọ mi, fi ibi tí mo ti jẹ yín ní gbèsè hàn mí." Mo wo káàdì títí, n kò rí nǹkan kan fi hàn án.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣírò ọjọ́ tó fi pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: 0, 1, 2, 3. Lẹ́yìn náà, 0, 1, 2, 3. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé ìsàlẹ̀ káàdì. Ajẹgbèsè wo ló ń ka eení, eejì báyẹn? Ọjọ́ Ajé ni àwa fi ṣe ọjọ́ owó ọ̀sẹ̀. Ọjà tirẹ̀, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, owó ọjà tó ṣáájú ti wọ inú èlùbọ́ tuntun. Èyí tó bá pa lọ́jà tó kàn ló fi ń san tiwa.

Èmi wá kọ́ ẹ̀rọ pé ẹni tó bá ti pẹ́ lọ́jọ́ kan péré kò san dáadáa. Àwọn olówó oṣù tí báńkì ń yọ owó lọ́wọ́ wọn fúnra rẹ̀ kì í pẹ́, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn lọ́dọ̀ wa. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ná ọjà ọrọọrún. Akọ-n-bábo tí mo yọ, ọjọ́ ọjà ti bá mi kọ ọ́ padà síbẹ̀.

Má rò pé àwa nìkan la ṣe é. Ní 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan aláìsàn tó nílò àfikún ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ náà kò wo ẹ̀yà rárá. Iye tí ìtọ́jú ń náni ni wọ́n fi wọn bí àìsàn ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀, bí àìsàn tilẹ̀ dọ́gba, owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú kéré sí ti aláwọ̀ funfun. Wọ́n ṣírò pé bí wọ́n bá tún un ṣe, ìpín aláwọ̀ dúdú nínú àwọn tí yóò rí ìtọ́jú yẹn á gòkè láti 17.7 sí 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi owó ṣe àìsàn, èmi fi ọjọ́ ọjà ṣe ìwà.

Nítorí náà, kọ́kọ́ bèèrè ohun tí "kò san" túmọ̀ sí nínú ìwé ẹgbẹ́ yẹn. Ní tèmi, mo yí i padà: àfi ẹni tó bá pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ. Ìkejì, má ju kọ́lọ́ọ̀mù akọ-n-bábo nù. Má fi han ẹ̀rọ, àmọ́ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀tọ̀. Nínú àwọn tó san owó wọn tán, obìnrin mélòó ni ẹ̀rọ kọ̀, ọkùnrin mélòó? Kí lo máa fi mọ̀ bí o bá ti jù ú nù? Èmi ti jù ú nù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tú káàdì ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti kó o jọ padà. Rántí àwọn tí wọn kò yá lówó rí pẹ̀lú. Wọn ò sí nínú dátà rẹ, kò sì túmọ̀ sí pé wọn ò ní san.

Sì jẹ́ kí ènìyàn wà nídìí ẹ̀rọ. Abala 37 nínú Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún ẹni tí ẹ̀rọ nìkan dá ẹjọ́ rẹ̀ láyè láti ní kí ènìyàn dá sí i. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò mọ abala kankan. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá.

Ó gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀keje. Nígbà tó ń kówó sí báàgì, ó bi mí pé kí ló dé tí a ò fi ọjọ́ owó sí ọjọ́ ọjà. Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ. Wọ́n ní ọjọ́ méje méje ni sọ́fítíwíà mọ̀, kò gba ọrún. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, ọjọ́ Ajé náà ni.