Òṣùwọ̀n wo ló lè wọn ohun tí kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ fisíìsì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo sọ ní kíláàsì pé wọ́n ti mọ ìwúwo lithium-11, irú lithium kan tí kì í pẹ́ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ti ń bàjẹ́ kí ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ni ọmọ kan bá ní òṣùwọ̀n wo ló yára tó bẹ́ẹ̀. Mi ò rí èsì fún un. Ṣé ìṣirò kan wà tí àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọmọ náà, olùkọ́. Ìbéèrè gidi ló béèrè. A kì í gbé núkílíọ́ọ̀sì, ìyẹn àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, sórí òṣùwọ̀n. Ńṣe là ń mú kó máa yípo, ká sì mọ iye ìgbà tó yípo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ohun tó bá ní ṣáájì iná lára, tó sì ń rìn láàárín òòfà, òòfà á máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ọ̀nà rẹ̀ á fi di òbìrípo. Èyí tó wúwo á lọ́ra, èyí tó fúyẹ́ á yára. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé eré tó ń sá kò kan iye yẹn: bí eré bá pọ̀ sí i, òbìrípo náà á fẹ̀ sí i, àkókò ìyípo kan ò sì ní yí padà. Òfin rẹ̀ ni f = qB ÷ 2πm: f ni iye ìyípo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, q ni ṣáájì, B ni agbára òòfà, m ni ìwúwo.

Òòfà nìkan ò lè dá a dúró, torí ó lè yọ́ gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ lọ. A wá ń fi àwọn irin tó ní fóltéèjì tì í padà sáàárín, níbi tí a ti fa afẹ́fẹ́ kúrò. Pàkúté Penning nìyẹn. Hans Dehmelt, ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1989, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Ní TRIUMF, ibùdó ìwádìí fisíìsì kan nílùú Vancouver ní Kánádà, ni wọ́n ti fi pàkúté Penning tí wọ́n ń pè ní TITAN wọn lithium-11. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Agbára òòfà rẹ̀, B, jẹ́ tesla 3.7. Kí àwọn ọmọ mú áyọ́ọ̀nù lithium-11, ìyẹn átọ́ọ̀mù rẹ̀ tó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan: q = 1.602 × 10⁻¹⁹ C, m = 1.834 × 10⁻²⁶ kg. Wọ́n á rí i pé ó ń yípo ní nǹkan bíi ìgbà mílíọ̀nù 5.14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí wọ́n fi 0.0088, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìdajì rẹ̀ fi ń bàjẹ́, sọ ọ́ di púpọ̀: ìyípo náà ju 45,000 lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọmọ bá ń ṣe ìdánwò òkúta tó ń fì lórí okùn, ogún ìfì lẹ ń ní kó kà, kí àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ lè kéré. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ nìyẹn.

A kì í fojú kà á o. Ìgbì rédíò là ń fi kàn án. Bí ìgbì náà bá bá ìyípo rẹ̀ mu, áyọ́ọ̀nù á gba agbára, tí a bá sì tú u sílẹ̀, á tètè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń dúró dè é. Ìgbì tó mú un tètè dé jù lọ ni à ń wá. Nítorí pé agbára òòfà fúnra rẹ̀ kì í dá wa lójú tó, a tún máa ń fi áyọ́ọ̀nù tí a ti mọ ìwúwo rẹ̀ sínú pàkúté kan náà, ká fi ìyípo kan pín èkejì. B á ti kúrò nínú ìṣirò nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìdí tí a fi ń lépa ìpéye yìí. Niútírọ́ọ̀nù méjì nínú lithium-11 ń gbé ní ẹ̀yìn odi, wọ́n jìnnà sí àwọn yòókù débi pé núkílíọ́ọ̀sì náà fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti òjé. Agbára 369 keV péré ló so wọ́n mọ́ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìwúwo rẹ̀, tí a bá fi agbára kà á, tó nǹkan bíi 10,287 MeV (MeV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún keV). Ìdá kan nínú 28,000 nìyẹn. Òṣùwọ̀n tó lè fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ṣìnà kò ní rí ìdè yẹn rárá.

Bí àkókò bá kù, kí wọ́n tún un ṣe fún lithium-6, tí kì í bàjẹ́, nínú òòfà kan náà: m = 9.988 × 10⁻²⁷ kg. Èsì tiwọn yẹ kó sún mọ́ mílíọ̀nù 9.44. Kí wọ́n wá fi ìyípo lithium-11 pín in, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó bá ìpín ìwúwo méjèèjì mu.