Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ni Ọba Lasker Ń Wá ní g6?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní ṣẹ́ẹ̀sì. Láìpẹ́ yìí, a jọ yẹ ayò kan wò tí Emanuel Lasker àti Siegbert Tarrasch ta ní St. Petersburg, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní ọdún 1914. Nígbà tí ayò náà ń parí lọ, ọba àti pọ́ọ̀nù (ọmọ ayò tó kéré jù) mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lasker gbé ọba rẹ̀ sí g6 (lẹ́tà ń tọ́ka sí ìlà òró bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà sí ìlà ìbú), bẹ́ẹ̀ f6 ló súnmọ́ àwọn pọ́ọ̀nù Tarrasch jù. Ọmọbìnrin kan bi mí pé kí ló dé tí ọba kò sáré lọ síbi tí ewu wà. Mo dáhùn, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á yé e. (Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni ọmọ náà bi yín, torí pé ẹni tó bá fi ojú lásán wo bọ́ọ̀dù yẹn yóò ní f6 ló tọ́. Ẹ tò ó báyìí kí ẹ lè máa bá mi lọ: ọba funfun, ti Lasker, wà ní g6, pọ́ọ̀nù rẹ̀ wà ní b2, b3 àti h4; ọba dúdú wà ní g4, pọ́ọ̀nù rẹ̀ wà ní a5, b5 àti c5. Ó kan dúdú. Ẹ kíyè sí i pé b2 àti b3 wà lórí ìlà kan náà, tí ọ̀kan dí ìkejì lọ́nà, àti pé ẹ̀gbẹ́ ọba dúdú gan-an ni h4 wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe bí ọmọ náà ṣe fẹ́, ká gbé ọba funfun sí f6, ká sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Láti f6, ọba kò lè ṣọ́ h5, nítorí náà bí pọ́ọ̀nù h4 bá sún síwájú, ọba dúdú yóò jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́. Nígbà tí kò ti sí ohun tó ń lé Tarrasch, kò ní fi ìgbésẹ̀ kankan ṣòfò lórí h4; c5 ni yóò sún sí c4. Funfun yóò fi b3 jẹ ẹ́, dúdú yóò fi b5 jẹ ẹ́ padà, ọba funfun yóò sì sáré bọ́ sí e5. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n burúkú náà wà: dúdú yóò tún sún pọ́ọ̀nù kan náà sí c3, yóò fi í tọrẹ. Funfun kò lè kọ ọrẹ yìí, nítorí bí kò bá jẹ ẹ́, dúdú yóò jẹ b2, yóò sì di ayaba ní b1, bí pọ́ọ̀nù tó bá dé ìpẹ̀kun bọ́ọ̀dù ṣe máa ń dà. Bó bá sì fi b2 jẹ ẹ́, pọ́ọ̀nù tirẹ̀ ti wà ní c3 nìyẹn, bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta. Dúdú yóò sún a5 sí a4. Ọba yóò dé d4. Dúdú yóò dé a3. Ká ní ilé c3 ṣófo ni, ọba ì bá gba ibẹ̀ dé b2, kí ó sì mú pọ́ọ̀nù tó ń sá lọ náà. Ní báyìí, d3 ló máa gbà, dúdú yóò dé a2. Nígbà tí ó bá fi máa dé c2, ayaba dúdú ti jáde ní a1.

Ẹ wá dá ọba padà sí g6. Láti ibẹ̀ ó ń ṣọ́ h5, h4 sì ti di ewu gidi. Bí dúdú bá tún fẹ́ gbé c4 lọ bíi ti àkọ́kọ́, wọn yóò jẹ ara wọn tán ní c4, funfun yóò sì sún sí h5. Lẹ́yìn tí dúdú bá ti fi c3 tọrẹ, tí b2 sì ti jẹ ẹ́, eré àsápajúdé ni yóò kù láàárín pọ́ọ̀nù a àti pọ́ọ̀nù h. Funfun ni yóò kọ́kọ́ di ayaba, dúdú yóò tẹ̀lé e, yóò tún kan funfun, pọ́ọ̀nù c3 yóò sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ wà ní ipò dúdú níbẹ̀?

Nítorí náà, Tarrasch gbọ́dọ̀ jẹ h4, ó sì jẹ ẹ́. Ìgbésẹ̀ kan yẹn ni Lasker ń wá. Ọba dúdú ti dé etí bọ́ọ̀dù, ọba funfun sì bọ́ sí f5. Bí dúdú bá ta c4 nísinsìnyí, e4 ni ọba funfun yóò wà nígbà tí c3 bá dé, kì í ṣe e5 mọ́. Lẹ́yìn a4 yóò gba d3, lẹ́yìn a3 yóò gba c2, lẹ́yìn a2 yóò gba b2, ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀nù náà ti tán. Ilé kan ṣoṣo ló pín ìṣubú àti ìgbàlà níyà.

Tarrasch rí i, ó sì mú ọba rẹ̀ padà bọ̀ kíákíá: ó gba g3, Lasker gba e4, ó gba f2, Lasker gba d5, ó gba e3, Lasker jẹ c5, ó gba d3, Lasker jẹ b5, ó gba c2, Lasker jẹ a5, Tarrasch jẹ b3. Pọ́ọ̀nù b2 nìkan ló kù, kò sì sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀. Ọ̀mì, ní ìgbésẹ̀ 47.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàlàyé ayò yìí kàn máa ń yin Lasker pé àkàndá ni, wọn yóò sì kọjá lọ. Ìyẹn kì í kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí di dúdú mú, kí ó fi f6 nà yín fúnra rẹ̀, kí ó sì wá gbìyànjú láti fi g6 nà yín.

Ìbéèrè: Ṣé ìlàjì máàkì tí Lasker rí nínú ayò yẹn tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan? (Olùkà kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Lasker ló ni adé ayé nígbà náà. Ó gbà á ní 1894, kò sì bọ́ lórí rẹ̀ títí di 1921. Ní ìdíje St. Petersburg, òǹtayò 11 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn márùn-ún ló wọ ìpele àṣekágbá, wọ́n sì gbé máàkì ìpele kìíní wọ ìkejì. Capablanca, òǹtayò ọmọ Cuba, fi 8 wọlé síbẹ̀, Lasker fi 6½. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Lasker ní 13½, Capablanca ní 13. Ká ní Tarrasch borí nínú ayò tí a yẹ̀ wò yìí ni, 13 ni Lasker náà ì bá ní.

Ìbéèrè: Ẹnì kan sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Réti ni Lasker ti kọ́ ọgbọ́n ọba rẹ̀ yìí. Ṣé òótọ́ ni? (Olùkà kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1921 ni Richard Réti, òǹtayò ṣẹ́ẹ̀sì, gbé àdììtú orí bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó lókìkí jáde, ọdún méje lẹ́yìn St. Petersburg. Àmọ́ mo rí ohun tó fà á tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀, nítorí pé nínú méjèèjì, ọba ń fi ẹsẹ̀ kan náà lépa ohun méjì. Nínú ti Réti, ọba funfun wà ní h8, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní c6. Ọba dúdú wà ní a6, pọ́ọ̀nù rẹ̀ ní h5. Ó kan funfun, ọ̀mì ló sì ń wá. Ó dà bíi pé ọba rẹ̀ kò lè bá pọ́ọ̀nù h mọ́, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ c6 láti ràn án lọ́wọ́. Ó gba g7, dúdú gba h4. Ó gba f6. Bí dúdú bá dúró lọ ṣọ́ c6 láti b6, ọba funfun yóò bọ́ sí e5. Bí dúdú bá jẹ c6 níbẹ̀, ọba yóò gba f4, yóò sì mú pọ́ọ̀nù h. Bí dúdú bá sún sí h3 dípò bẹ́ẹ̀, ọba yóò bọ́ sí d6, c6 yóò sì di ayaba pẹ̀lú tirẹ̀.