Béèrè Lọ́wọ́ Àǹtí: A ti sọdá tán, gbogbo nǹkan wá dákẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí.

Yunifásítì kan ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ni mo wà, ọdún kẹta mi nìyí. Oṣù kẹrin ọdún yìí ni mo sọdá, ìyẹn ni pé mo di ọmọ ẹgbẹ́ gan-an, sínú sorority kan (ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní yunifásítì), ọ̀kan nínú ti àwa aláwọ̀ dúdú. Àwa mẹ́jọ la wà lórí ìlà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń mú wọlé pa pọ̀, èmi ni nọ́mbà 5. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń mú wa wọlé, kò sí alẹ́ tí mi ò rí àwọn méje yòókù. A jọ ń há ìtàn ẹgbẹ́ sórí, a jọ ń sunkún, a jọ ń jẹ páńkéèkì ní aago méjì òru. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti gbà á sọ. Lọ́jọ́ tí a jáde sí gbangba tí a ṣí ìbòjú, èrò kún fọ́fọ́, mo ní ayé mi ti tò.

Oṣù kẹwàá la wà yìí. Lórí GroupMe wa, níbi tí a ti jọ ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni pé mo kí nọ́mbà 2 kú ọjọ́ ìbí. Ẹni méjì péré ló dá sí i. Nọ́mbà 1 ti rí ọkùnrin. Nọ́mbà 7 kì í wá sípàdé mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó mú wa wọlé, tí wọ́n ń pè mí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ nígbà yẹn, "hey, soror" (arábìnrin nínú ẹgbẹ́) ni wọ́n ń sọ báyìí, wọ́n á sì kọjá lọ. Wọ́n tún ní kí n má pe àwọn ní Big Sister mọ́, kí n máa dárúkọ àwọn gbàgà. Ẹnu mi ò gbà á. Níbi ìpàdé, mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n lanu. Máàkì mi lọ sílẹ̀, owó ẹgbẹ́ sì tún ti tó san. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ìgbà ìyà yẹn ló dùn jù, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ohun tó kàn ń mú inú mi dùn ni pé lọ́dún tó ń bọ̀, àwa la máa mú àwọn tuntun wọlé. Àwọn náà á rí ohun tí ojú wa rí.

Màmá mi nílé ṣì gbà pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo wọ̀. Kí ni kí n ṣe, ma?

Nọ́mbà 5, Maryland

*

Nọ́mbà 5, àbúrò mi, nọ́mbà 4 lèmi.

Ọdún 1988 ni. Àwa mẹ́sàn-án ni, nígbà tí ìlà ṣì jẹ́ ìlà lójú gbogbo èèyàn: aṣọ kan náà, bàtà kan náà, a ó tò gba àárín ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kọjá, a ò sì gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ga sí ni wọ́n fi tò wá, ẹni tó kúrú jù ló ṣíwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wo ẹ̀yìn ọrùn ẹnì kan ṣoṣo. Mo mọ àmì dúdú tó wà lẹ́yìn etí nọ́mbà 3 ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sọdá, mo fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, mo dúró. Àwọn èèyàn ń yà fún mi wọlé, ọmọkùnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀yìn mi lòun máa tò sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé nọ́mbà 3 ni mò ń dúró dè, kó wọlé kí n tó lè tẹ̀lé e. Òun sì wà ní kíláàsì kẹ́mísírì lódìkejì ọgbà, bóyá ló tiẹ̀ rántí pé mo wà láyé. Mo padà sí yàrá mi láìjẹun.

Nítorí náà, mi ò ní bá ọ sọ pé òmùgọ̀ ni ọ́. Kì í ṣe ìyà yẹn lo ń ṣàárò. Nígbà tí o wà lórí ìlà, àwọn kan ló ń bá ọ pinnu ibi tí o máa wà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹni tí o máa jókòó tì, ohun tí o máa gbé dání. Ọ̀rẹ́ méje, kò sì ná ọ ju pé kí o yọjú lọ. Ọjọ́ tí o sọdá ni wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n fi jákẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀.

Gbàgbé GroupMe yẹn ná. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún ẹni mẹ́jọ pọ̀, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Ẹnì kan ni kí o pè, nọ́mbà 7 sì ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ pè. Tiwa náà ní ẹnì kan tó pa ìpàdé tì, a pè é ní agbéraga fún odidi ọdún kan, àṣé owó ẹgbẹ́ ni kò rí san, ojú ló ń tì í. Má bi í pé kí ló dé tí kì í wá. Sọ fún un pé ọjọ́ Tuesday lo máa ń kàwé ní láíbìrì, pé kó wá bá ọ. Bóyá máàkì tìrẹ náà á rí nǹkan jẹ níbẹ̀. (Nọ́mbà 1 tó rí ọkùnrin ńkọ́? Fi í sílẹ̀. Á padà wá bó bá di oṣù kìíní.)

Àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn, iṣẹ́ wọn lo jẹ́ nígbà tí o wà lórí ìlà. Iṣẹ́ ti tán, ìdánwò tiwọn tí wọ́n pa tì nítorí yín ti ń lé wọn kiri. Wọn ò kórìíra rẹ. Pe orúkọ wọn. Á kọ́kọ́ wúwo lẹ́nu ọmọ Yorùbá, mo mọ̀. Èmi máa ń rọra fi "ẹ̀gbọ́n" síwájú orúkọ nínú ikùn mi, n óò wá dárúkọ síta. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí, ara sì tù mí.

Ní ti ìpàdé, ìlànà wọn dà bíi ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin: ẹnì kan á gbé àbá kalẹ̀, ẹlòmíì á tì í lẹ́yìn, ìgbà yẹn lẹ tó lè jiyàn lé e lórí. Gba àkọsílẹ̀ ìpàdé mẹ́ta tó kọjá lọ́wọ́ akọ̀wé, kà á. Lẹ́yìn náà, tọrọ iṣẹ́ kékeré kan. Iṣẹ́ ló ń so ẹgbẹ́ pọ̀, kì í ṣe ìlà. Àwọn ọkùnrin méje tó dá ẹgbẹ́ Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní 1906, ta ló tò wọ́n sórí ìlà? Àwọn obìnrin 22 tó dá ẹgbẹ́ Delta Sigma Theta sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1913, oṣù méjì kò tíì pé tí wọ́n fi bọ́ sí títì ní Washington, ọjọ́ 3 oṣù kẹta, wọ́n bá àwọn obìnrin tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò yan. Èmi kì í ṣe Delta o. Bí àwọn soror mi bá ka ìpínrọ̀ yìí, wọ́n á bù mí jẹ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún èmi ni kí n ka àga lẹ́yìn tí a forúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀ tán. Àga ni o. A yá 60, 57 ni mo rí. Èmi àti soror kan tí a ò tíì bá ara wa sọ gbólóhùn mẹ́ta rí la ń fi tọ́ọ̀ṣì wá àga mẹ́ta kiri títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Òun ni ọ̀rẹ́ ìyàwó nígbà tí mo ṣègbéyàwó.

Owó: lọ bá akápò kí ọjọ́ tó pé, má jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọjọ́, kí o bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o máa san án díẹ̀díẹ̀.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. "Àwọn náà á rí ohun tí ojú wa rí." Ní 1989, ó kàn wá. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi gẹ́lẹ́ ló ń jáde lẹ́nu mi, pẹ̀lú ohùn ẹni tó sọ ọ́. Orúnkún ọmọbìnrin kan ń gbọ̀n. Ó dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ yẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi gboyè jáde, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí mi ò bẹ̀ ẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1990, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà nígbà náà nínú àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ panu pọ̀, wọ́n fòpin sí ètò ìlà, wọ́n fi ìgbaniwọlé kúkúrú dípò rẹ̀. Nítorí náà, àbúrò, bí ohun tí ojú yín rí bá kọjá èyí tó wà nínú ìwé, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ yín, kì í ṣe ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín. Àgbà obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀ka yín wà, ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Láti oṣù kejìlá 2024 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti wà tó ní kí yunifásítì máa ka irú ìfìyàjẹ ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ mọ́ ìròyìn ààbò tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún. Yálà o sọ tàbí o ò sọ, má gbé e lé orí ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ti màmá rẹ, má bá wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Fi fọ́tò ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ránṣẹ́ sí wọn, kí o máa dárúkọ wọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ta ni, kí ló ń kọ́. Ìyá tèmi, nígbà tí mo pè wọ́n pé mo ti wọ ẹgbẹ́, wọ́n dákẹ́ títí owó tí mo ní fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí fóònù. Wọ́n wá ní kí n ká apá aṣọ mi sókè, kí àwọn wò ó bóyá wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún mi. Ní 1988 o, lórí fóònù. Mo ká a sókè.