Ojú Owó Kọ́ Ló Kéré, Ìyá Ẹlẹ́ja

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníṣirò. Ẹja àrọ̀ ni mò ń yan tà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Agbówà ni mo ti ń ra ẹja tútù, 100 kíló lọ́sẹ̀, ₦3,000 ni kíló kan. Tí mo bá yan án tán, ₦12,000 ni mò ń ta kíló kan, èrè wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó kì í dúró lọ́wọ́ mi. Ìparí oṣù kejì ọdún yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá mi ní ₦250,000. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ọjà, kí oṣù kẹrin tó parí, kò kù kọ́bọ̀. Wòlíì kan ní ayé ló ń gbá owó mi lọ. Ọkùnrin kan tún wá bá wa lọ́jà, ó ní òun á bá mi gba gíráǹtì ìjọba, kí n kàn mú ₦35,000 owó fọ́ọ̀mù wá. Ojú owó mi ló kéré, mo mọ̀. Ṣé kí n san owó fọ́ọ̀mù náà ni, àbí kí n lọ yá a lórí fóònù? Èmi Ìyá Ẹlẹ́ja, ọjà Olúwò.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ẹ ò sì gbọdọ̀ yá owó kankan lórí fóònù títí ẹ ó fi ka lẹ́tà yìí tán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá ìdáhùn mi dúró síbẹ̀, nítorí ohun tí ẹ béèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó ń bí mi nínú, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń sọ ọ́. Aránṣọ kọ̀wé láti Ìkòròdú, alágbọn kọ̀wé láti Àgbádárìgì, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń kọ: "Ojú owó mi ló kéré." Ta ló kọ́ gbogbo yín?

Mo pe nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ yín obìnrin tó bá yín kọ lẹ́tà ló gbé e. Mo bi í pé, 100 kíló ẹja tútù, tí ẹ bá yan án gbẹ, kíló mélòó ló ń kù? Ó dákẹ́. Mo wá gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀: "Ó máa ń tó ọgbọ̀n."

Ọgbọ̀n, Màmá. Ẹ ò purọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yan àrọ̀: kíló mẹ́ta sí mẹ́rin tútù ló ń di kíló kan gbígbẹ, omi ló pọ̀ jù nínú ara ẹja. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kíló tí ẹ ń rà ní ₦3,000 kọ́ ni kíló tí ẹ ń tà ní ₦12,000. Ẹ̀ ń fi ẹnu sọ pé mẹ́rin-mẹ́rin ni owó yín ń di, bẹ́ẹ̀ kíló mẹ́ta àti díẹ̀ lẹ ti fi ṣe kíló kan. Ẹja nìkan ti gba ₦10,000 nínú ₦12,000 yẹn kí ẹ tó ṣáná.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ìnáwó tí ọmọ yín kà fún mi, tí ẹ̀yin náà ń dá sí láti ẹ̀yìn. Ẹja ₦300,000. Igi àti èédú ₦16,000. Àwọn ọmọ tó ń la inú ẹja tó sì ń fọ̀ ọ́, ₦15,000. Ọkọ̀ lọ sí Agbówà, ọkọ̀ bọ̀, alábàárù, ₦12,000. Ọ̀rá, owó ìṣọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì, ₦5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦348,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 30: kíló gbígbẹ kan ń ná yín ní ₦11,600. ₦12,000 lẹ sì ń tà á.

Irinwó náírà ni èrè yín lórí kíló kan. ₦12,000 lọ́sẹ̀, fún gbogbo èéfín tó ń wọ̀ yín lójú.

Kò tíì parí. Mo bi yín nípa èènì, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní oníbàárà Èkó tó ń wá ní Sátidé kì í lọ láìgba èènì, ẹ sì máa ń fi ẹyọ ẹja kan sí i fún àwọn tó bá rà púpọ̀. Ṣé ó máa ń tó kíló kan lọ́sẹ̀? Ẹ ní ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi á kàn fi í sí kíló kan. Kíló 29 ló kù láti tà, ẹ sọ ọ́ di ₦12,000 lọ́nà 29: ₦348,000. Iye tí ẹ ná gẹ́lẹ́. Ẹ ti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ gba owó yín padà bí ẹ ṣe kó o jáde, ẹ sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. A ò tíì dárúkọ àwọn tó gbé àwìn lọ tí wọn ò padà wá o.

Ibi tí ₦250,000 wọ̀ sí wá hàn wàyí. Ọmọ yín ní nǹkan bí ₦5,000 ni oúnjẹ ilé ń gbà lóòjọ́, láti inú owó ọjà ni. Ọjà tí kò jèrè kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ojú owó lẹ ń jẹ. ₦250,000, ₦5,000 lójúmọ́: ọjọ́ 50. Ìparí oṣù kejì lẹ gbà á. Ẹ ka ọjọ́ 50 síwájú, ẹ ó bá ara yín láàárín oṣù kẹrin. Ayé tí wòlíì rí nìyẹn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn, àdúrà sì dára, ṣùgbọ́n ayé tó bá fẹ́ kó owó yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin alára ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá sọ fún mi: ká ní mo gbé ₦300,000 mìíràn lé yín lọ́wọ́ lónìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ ó ra 200 kíló. Igi á di méjì, owó àwọn ọmọ á di méjì, èènì á pọ̀ sí i, oníbàárà ò sì ní pọ̀ sí i nítorí pé ẹja yín pọ̀. Èyí tí ẹ kò bá tà á dúró dé ọ̀sẹ̀ kejì, kòkòrò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Òfo lọ́nà méjì òfo náà ni. Èlé nìkan ló máa jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ká ní áàpù orí fóònù yá yín ní ₦100,000, tí ẹ ó dá ₦125,000 padà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Pẹ̀lú irinwó náírà yín lórí kíló, ẹ ní láti ta kíló 63 gbígbẹ kí ẹ tó lè san èlé ₦25,000 yẹn nìkan, láìfún ẹnikẹ́ni ní èènì. Ó ju ẹja ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Tí ẹ bá pẹ́, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín, títí kan àna yín. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mo mọ̀.

Ojú owó lè kéré lóòótọ́, mi ò ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó ń jèrè ₦3,000 lórí kíló kan, tí oníbàárà ń bá a jà pé ẹja ti tán, ojú owó onítọ̀hún ló kéré, kí ó lọ yáwó. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Iye owó tí ẹ ń ta kíló kan ló kéré, àpò yín sì jẹ́ ọ̀kan.

Iye ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ ta kíló kan ní ₦13,500, kí ẹ sì sọ èènì di èyí tí gbogbo rẹ̀ kò ní ju ìdajì kíló lọ lọ́sẹ̀. Kíló 29 àti ààbọ̀ á mú ₦398,250 wọlé. Ẹ yọ ₦348,000, ó ku ₦50,250. Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń tà á ní ₦12,000, wọ́n á sá lọ bá a." Ẹ lọ gbé ẹja rẹ̀ wò. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbi ẹ̀yìn. Tó bá rọ̀, omi ló ń tà fún wọn ní iye ẹja. Ẹni tí kò yan ẹja gbẹ tán lè rí kíló 38 níbi tí ẹ ti rí 30, ìdí nìyẹn tó fi lè tà á ní owó pọ́ọ́kú, kì í ṣe pé ó gbọ́n jù yín lọ. Ẹja rẹ̀ á bu láàárín ọjọ́ díẹ̀, tiyín á pẹ́. Ẹ máa ṣẹ́ ọ̀kan níwájú oníbàárà kí ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ ra síkéèlì, ẹ yé fi ojú wọ̀n ọ́n. Àwọn kan á lọ o, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ẹni tó bá lọ nítorí pé ẹ ò fún un lẹ́ja ọ̀fẹ́ mọ́, ẹ̀yin lẹ ti ń bọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ìnáwó náà ṣeé dín. ₦200 péré tí ẹ bá rí yọ lórí kíló tútù kan, ₦20,000 ni lọ́sẹ̀. Ẹ wá ẹlẹ́ja méjì mìíràn ní Olúwò, kí ẹ jọ gba ẹja lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lọ́jọ́ kan náà, nínú ọkọ̀ kan. Ní ti igi, àgbá onírin tí ẹ̀ ń lò ń jẹ igi bí ẹni jẹ àgbàdo, ooru rẹ̀ ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ààrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Chorkor, orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra, ní Gánà, ni wọ́n fi pè é. Amọ̀ tàbí bíríkì ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á wá to àwọn àtẹ alásẹ́ lé ara wọn lórí rẹ̀, kí ooru kan náà lè gba inú gbogbo wọn kọjá. Kì í jẹ igi tó àgbá. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí òkun àti ẹja, NIOMR, tó wà ní Victoria Island, náà ṣe irú ààrò tirẹ̀. Ẹ lọ wo ti ẹni tó ń lò ó kí ẹ tó mọ ọ́n, kí ẹ má sì yáwó mọ ọ́n.

Ó ku àpò. Màmá mi kò mọ̀wé. Gàrí ló ń tà ní Ìtòìkin. Àpò méjì ló rán mọ́ tòbí rẹ̀: ọ̀tún fún ọjà, òsì fún ilé. Àràárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń ka iye kan láti ọ̀tún sí òsì, ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn. Tí òsì bá gbẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gàrí la ó mu, kódà kí ọ̀tún wú bí ikùn ọlọ́tí. A máa ń bínú sí i nígbà náà. Ẹ̀yin náà ẹ san owó iṣẹ́ fún ara yín, ká sọ pé ₦30,000 lọ́sẹ̀. Nínú ₦50,250 yẹn, ó ku ₦20,250 tí yóò máa san gbèsè alájẹṣẹ́kù, tí yóò sì wá di ojú owó lẹ́yìn náà láìní èlé. ₦30,000 kò tó ₦5,000 lójúmọ́, mo mọ̀, ó dín ₦5,000 lọ́sẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà, èmi náà ò ní bi yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwìn: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ, iye, ọjọ́. Ẹni tó bá ti jẹ yín lẹ́ẹ̀mejì, ó tó.

Ní ti ọkùnrin oní-fọ́ọ̀mù. Gíráǹtì ni owó ìrànwọ́ tí a kì í dá padà. Ó wà, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fún yín lówó kì í kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ yín nídìí ìṣọ̀. Lagos State Employment Trust Fund, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, a máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù wọn. Ẹ̀yáwó sì ni, kì í ṣe gíráǹtì, wọ́n á béèrè ìwé ọjà yín, wọ́n á béèrè onídùúró. Tí ọ̀rọ̀ áàpù bá tún wọ̀ yín lọ́kàn, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní orúkọ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfọwọ́sí kò ní kí èlé má ga o.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: orí fóònù ni mo ti gba ìṣirò yìí, mi ò rí ìwé kankan. Iye ẹja ń yí padà, ẹja kékeré àti ńlá kì í gbẹ bákan náà. Ẹ má mú ìdáhùn mi lọ síwájú alájẹṣẹ́kù bí ìwé ẹ̀rí. Ẹ bá wọn sọ òótọ́ fúnra yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa àsìkò gùn.

Kí ọmọ yín ra ìwé olójú ewé 40. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré: kíló tútù tó wọlé, kíló gbígbẹ tó jáde, gbogbo owó tó jáde pẹ̀lú ti omi tí ẹ mu lọ́nà. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sì bá mi fi kíló méjì pamọ́ lọ́jọ́ Sátidé. ₦27,000 ni mò ń mú bọ̀. Ẹ má fún mi ní èènì.