Ṣé òfin wà tó ń dáàbò bo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àbí èèwọ̀ lásán ni?

Méjèèjì ni, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ló ṣáájú. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í ṣọdẹ, wọn kì í gé igi. Nígbà tó máa fi di ọdún 1950 sókè, èèwọ̀ náà ti ń rọ, àwọn onílẹ̀-títà sì ti tẹjú mọ́ igbó náà. Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú àti Àtáọ́ja ló jọ dúró gbọn-in.

Ní 1965, ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo igbó náà, hẹ́kítà 75. Àjọ NCMM, àwọn tó ni mùsíọ́mù, ló ń ṣàkóso rẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun-ìní àgbáyé ní 2005, àmọ́ UNESCO kì í mú èèyàn o. Òfin Nàìjíríà ló ń mú un.

Ibi tó ti le jù ni omi. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń fọ erùpẹ̀ sínú rẹ̀, débi pé omi tí àwọn èèyàn ń bù sínú kèrègbè lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Kí ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà igbó fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ọ̀rọ̀ kùsà sì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakùsà kankan.